Ẹ̀san Tó Ń Ṣọ́ Làfún Màámi

Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ó pé ọdún kan géérégé lónìí tí Màámi ṣubú lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa. Òbúkọ Díákónì Babáfẹ́mi, aládùúgbò wa, ni wọ́n ń lé kúrò nídìí làfún tí wọ́n sá síbẹ̀. Egungun ìbàdí wọn kán. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti wà nílẹ̀ nínú oòrùn, títí èmi fi ti iléèwé tí mo ti ń kọ́ni dé ní aago méjì. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Màámi wo ẹ̀yìn, wọ́n pe gbogbo orúkọ tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò, wọn kò rí ẹnì kankan.

Ẹni tó ń dá oko pákí ṣe ní gbogbo Èrúwà yìí, orí àga ló ń wà láti àárọ̀ di alẹ́ báyìí.

Babáfẹ́mi kò sì wá kí wọn. Ọdún kan! Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, bẹ́ǹṣì rẹ̀ ló wà níwájú tiwa, kò yíjú padà lọ́jọ́ kan kó ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́." Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ pè wá jókòó, ohun tó sọ ni pé, "Ewúrẹ́ kò kàwé, Tíṣà. Ṣé kí n kọ lẹ́tà sí i ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹran ló ṣe é, ká gbàdúrà ká máa lọ sílé.

Èmi kò gbàdúrà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí Babáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ fún Màámi lórí àpáta yẹn, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, kí gbogbo àdúgbò rí i. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà yí ohùn padà. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Àbámẹ́ta, 11 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú, ètè mi ti bẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbó-Ọrà, sọ́dọ̀ Mùíz ajórin, ẹni tí mo kọ́ ní físíìsì lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ó ti jó ara ẹ̀rọ tí mo ní kó bá mi ṣe láti máa ṣọ́ làfún tán. Ó tó àpótí ìjókòó, ó ní táyà mẹ́rin, mọ́tò tó ń yí wáípà ọkọ̀ ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú méjì ni a fi sí i. Ọ̀kan wà lórí ọ̀pá, ó ga ní mítà kan. Ìkejì wà nísàlẹ̀, kò ju orúnkún lọ. Ohun tí ojú méjèèjì bá rí, ènìyàn ni. Ohun tí ojú ìsàlẹ̀ nìkan bá rí, ewúrẹ́ ni. Ọgbọ́n mi nìyẹn, ó dùn mọ́ mi.

Mùíz bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní Ẹ̀san.

"Tíṣà, ẹ̀rù yín ń bà mí o," ni Mùíz wí. Ó rò pé mo ń ṣeré.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Ìwà mẹ́rin ni mo kọ sínú Ẹ̀san. Bí o bá rí ẹran, lé e pẹ̀lú fèrè. Bí o bá rí ènìyàn, dúró, kí o yà fún un. Bí agbára bátìrì bá lọ sílẹ̀, padà sábẹ́ sólà lọ gba oòrùn. Bí omi bá kan àwo kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ, lọ fi ìkọ́ rẹ fa tapólì bo làfún. Àárín ìlà funfun tí mo kùn sórí àpáta ni gbogbo rẹ̀ yóò ti máa ṣẹlẹ̀.

Ìwà kọ̀ọ̀kan dára láyè ara rẹ̀. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí méjì bá fẹ́ mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí ọ̀nà méjì. Ta ni kó ṣíwájú? Mo fẹ́ fi lílé ẹran ṣe olórí gbogbo wọn. Màámi kọ̀.

"Òjò ni kó ṣíwájú, Kẹ́tù. Ewúrẹ́ á jẹ, á ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bí òjò bá kan làfún, gbogbo ẹ̀ ló máa bu. Kí ọmọ onírin yẹn fi ìjà sílẹ̀, kó lọ bo oúnjẹ."

Wọn kì í pè é ní Ẹ̀san. "Olùṣọ́" ni wọ́n ń pè é. Mo gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ òjò, torí làfún wọn ni, àti pé kò sí òjò nínú ọyẹ́. Omi ṣíwájú ohun gbogbo.

Ẹtì, 24 Ṣẹ́rẹ́

Ó ṣiṣẹ́! Pákí tí a bó tí a rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin ti wà lórí àpáta láti àná, ó funfun báláú. Òbúkọ Babáfẹ́mi dé pẹ̀lú àwọn ìyàwó rẹ̀ márùn-ún, bí ẹni tí a fìwé pè. Ẹ̀san fọn fèrè, ó gbéra. Ewúrẹ́ fọ́n ká! Òbúkọ ọ̀hún fò kọjá ògiri Babáfẹ́mi bí ẹni pé wọ́n jù ú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́rẹ́

Ìtìjú díẹ̀. Àlàájà Jàmílàt tó máa ń ti Ìdèrè wá ra làfún lọ́wọ́ Màámi gba orí àpáta wá. Bó ṣe rí Màámi níbi tí wọ́n jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Kó tó sọ ọ́ tán, Ẹ̀san ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fọn fèrè sí i ní ìdí. Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gun igi máńgòrò.

Mo mọ àṣìṣe náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, ojú òkè kò lè rí i mọ́. Lójú Ẹ̀san, ẹni tó bá ń kí àgbà ti di ewúrẹ́. Inú ìwé ni mo ti kọ́ ètò ojú méjì yìí, ó jọ pé orí ìdúró ni àwọn tó kọ ọ́ ti ń kí ara wọn. Ó yẹ kí n fi ojú kẹta sí i, èyí tó máa mọ ooru ara àti ìrísí ènìyàn.

Mo ní kí àwọn àlejò máa kí Màámi lórí ìdúró títí n ó fi ṣe é. Màámi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Kí wọ́n dúró kí mi? Ṣé mo ti kú ni?"

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlè



Babáfẹ́mi gbé àga onígi gíga kan wá sórí àpáta, ó gbé e sí àárín làfún wa, ó jókòó. Ó ní àpáta kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni. Ó da àgbàdo sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àwọn ẹran rẹ̀ sì rọ̀gbà yí i ká. Ó ti fara balẹ̀ wo Ẹ̀san láti orí ògiri rẹ̀, ó ti mọ̀ pé kì í fọwọ́ kan ènìyàn.

Ẹ̀san gbéra. Ó rí ewúrẹ́, ó lọ. Ó rí Babáfẹ́mi, ó dúró, ó padà sẹ́yìn. Bó ṣe padà, ewúrẹ́ nìkan ló tún rí, ó tún lọ. Ó lọ, ó bọ̀. Ó lọ, ó bọ̀. Ó ń mi orí ọ̀pá rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà lọ́jà. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n ń wo ìran. Nígbà tó yá, bátìrì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó yí padà, ó lọ sábẹ́ sólà, ó fi ewúrẹ́ sílẹ̀ lórí làfún. Kí n tó fi ìgbálẹ̀ lé wọn, ìdajì ti lọ.

Babáfẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Tíṣà, ọmọ yín yìí mà ní ẹ̀kọ́ ilé o! Ó mọ àgbà!"

Mo gbé ìgbálẹ̀ mi wọlé. Bí mo bá la ẹnu, èébú tí màá bú u, Màámi kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Àìkú, 9 Èrèlè

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ bí Ẹ̀san, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó pásítọ̀ pàápàá ṣe é.

Ọjọ́rú, 12 Èrèlè

Mo ti rí ohun tó ṣe é. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ. Ìwà méjì ló wà nínú rẹ̀ tí agbára wọn dọ́gba, èyí tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń gbọ́ tirẹ̀. Bó bá sún mọ́ ènìyàn, ìyàgò á borí. Bó bá jìnnà, ìléwúrẹ́ á borí. Kò sí èyí tó ń dúró tó ìṣẹ́jú kan.

Mo kọ òfin tuntun fún un. Ohun tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó parí rẹ̀. Bó bá ti dójú lé ẹran kan, kó má wo ọ̀tún, kó má wo òsì, kó má ka ẹnikẹ́ni sí títí ẹran náà yóò fi kúrò nínú ìlà. Omi nìkan ló lè dá a dúró, àti rìmóòtù ọwọ́ mi.

Ìwà náà kò ṣòro fún mi láti kọ. Òun ni mo fi ń gbé ilé ayé láti ọdún tó kọjá.

Àbámẹ́ta, 15 Èrèlè

Ìgbó-Ọrà. Mo ní kí Mùíz so wáyà méjì mọ́ iwájú Ẹ̀san, kí iná máa gbọ̀n ohun tí wáyà náà bá kàn. Fèrè kò tó mọ́.

Mùíz fi irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Owó ọwọ́ yín yìí, ojú kẹta ni kẹ́ ẹ fi rà. Ẹ rántí Àlàájà Jàmílàt. Bí iná bá wá gbé ẹni tó kúnlẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹni tí mo ń ṣe é dè kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ó so ó. Kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì sìn mí dé títì bó ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlè

Mo fi ọwọ́ ara mi dán iná náà wò. Mo jókòó sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè dìde. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Oòrùn mú bí iná. Babáfẹ́mi tún gbé àga rẹ̀ dé, ó tún da àgbàdo. Mo jókòó ti Màámi, mo ń wò.

Ẹ̀san jáde. Kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá bí ẹni pé kò sí ènìyàn lórí rẹ̀. Babáfẹ́mi ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó kígbe, "Jésù!" Wáyà kan òbúkọ náà ní itan. Ẹran náà fò sókè, ó sá gba ọ̀nà tí kò yẹ, ó sì já bọ́ láti etí àpáta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn kán. Ó ń ké.

Ṣé kí n parọ́ nínú ìwé ara mi? Inú mi dùn. Ibi tí Màámi ti ṣubú tí egungun wọn kán gẹ́lẹ́ ni. Mo fẹ́ kí Babáfẹ́mi bú mi, kí n lè sọ fún un pé ẹ̀rọ kò kàwé.

Kò bú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹran náà, ó jókòó tì í nínú oòrùn, ó kàn ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e lọ sílé lọ pa. Ojú rẹ̀ rí bákan.

Mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì lálẹ́. Màámi kò jẹun.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà

Ìyàwó Babáfẹ́mi, Rebecca, wá. Ó ní bàbá kò sùn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n fẹ́ wá rí Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú wọn.

Màámi ní kó máa bọ̀. Èmi ní kò gbọdọ̀ gba iwájú ilé wa. Orí àpáta ni kó gbà, ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn ènìyàn wà níta.

Rebecca yíjú sí mi, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Kò burú, Màmá Àràmídé. Ẹ kàn bá mi ṣọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru gan-an, dókítà ní ìpayà kankan kò gbọdọ̀ bá wọn." Mo ní mo gbọ́.

Màá pa Ẹ̀san kó tó dé.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ló dé. Mo ti gbé àga Màámi sábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn ìlà funfun, wọ́n ń ṣa làfún tó ti gbẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀san wà lábẹ́ sólà rẹ̀. N kò pa á. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ewu, rìmóòtù ṣáà wà lọ́wọ́ mi.

Ojú àwọn ará àdúgbò ti wà lórí ògiri. Babáfẹ́mi kọjá lórí àpáta, ó ṣí fìlà. Màámi ní, "Kẹ́tù, bu omi fún àlejò." Mo bu ú, mo gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. N kò fi lé e lọ́wọ́.

Babáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nínú ìlà funfun, àyà rẹ̀ kan àpáta. Ohun tí mo fi odindi ọdún kan wá nìyẹn. Mo wò ó, mo wo àwọn tó wà lórí ògiri. Ó dùn mọ́ mi bí oyin.

Mo gbọ́ mọ́tò. Ẹ̀san ti yíjú. Ojú òkè kò rí nǹkan kan, ojú ìsàlẹ̀ rí ohun kan tó gùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ làfún. Mo gbé ọwọ́ sókè láti tẹ rìmóòtù. Ọlọ́run rí mi, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà náà ni Babáfẹ́mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Màmá Kẹ́tù, mo gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ògiri mi ni mo wà. Ẹ pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dìde, mo tún jókòó. Mo dé ẹnu géètì, mo padà. Mo ní bí mo bá jáde, ọ̀ràn á di tèmi. Mo tún ní bí n kò bá jáde, ẹ lè kú. Mo lọ, mo bọ̀, títí mo fi gbọ́ ohùn Tíṣà. Nígbà tí ẹran mi ń ké lọ́jọ́sí, ohùn yín ni mo ń gbọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ìka mi dúró.

Ẹ̀yìn ògiri! Wákàtí mẹ́rin! Màámi wo ẹ̀yìn, ẹ̀yìn sì ni ó wà, ó ń gbọ́. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí Ẹ̀san dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tí iná yẹn ṣe fún mi, èmi tí mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Mo mọ ohun tí Rebecca sọ fún mi ní Ọjọ́rú. Mo mọ̀ pé rìmóòtù ń ṣiṣẹ́. Ó ku mẹ́jọ. Ó ku márùn-ún. Àwọn ènìyàn ń pariwo lórí ògiri. Babáfẹ́mi gbórí sókè, ó rí i, ṣùgbọ́n orúnkún arúgbó kì í tètè gbọ́ràn. Inú mi dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìwà méjì tó ń jà níbẹ̀ mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù.

Omi ló kọjá níwájú mi.

Màámi ti mú ife orí àpótí, wọ́n ti da omi àlejò lu Ẹ̀san, ó sì bà á lẹ́yìn, lórí àwo kékeré yẹn. Ẹ̀san dúró. Wáyà rẹ̀ kò jìnnà sí etí Babáfẹ́mi ju gígùn ọwọ́ kan lọ. Ó yí ẹ̀yìn padà sí i, ó lọ sídìí okùn, ó fi ìkọ́ gbé e, ó fa tapólì bo làfún láti ìkángun kan dé èkejì, nínú oòrùn tí kò ní kùrukùru kankan. Ó wá dúró tì í.

"Dìde, Babáfẹ́mi," ni Màámi wí. "Ó tó. Kẹ́tù, lọ bu omi mìíràn wá." Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e fún un. Ó mu ún, ìdajì dà sí i láyà.

Màámi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé wọn wọlé ni wọ́n ní, "Mo rí ọwọ́ ẹ."

Mo ní, "Màámi, rìmóòtù yẹn ni ò—"

"Mo ní mo rí ọwọ́ ẹ." Wọ́n dì mọ́ ọrùn mi bí mo ṣe ń gbé wọn, ẹnu wọn wà létí mi. "Omi ni mo dà sí ẹ̀rọ kó tó fi ìjà sílẹ̀. Kẹ́tù, kí ni kí n dà sí ìwọ?"

Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Mo gba ààyè níléèwé. Mùíz ti Ìgbó-Ọrà wá, ó tú wáyà méjèèjì, ó fi ojú kẹta sí i. Mo pa òfin tí mo kọ ní oṣù tó kọjá rẹ́. Mo to ìwà mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀kan sí i: omi, ènìyàn, bátìrì, ewúrẹ́.

Inú ṣì ń bí mi sí Babáfẹ́mi. Wákàtí mẹ́rin kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́rin. N kò mọ ìgbà tí yóò tán, n kò sì ní purọ́ pé ó ti tán.

Mùíz ní ká dán ojú tuntun náà wò, kí ẹnì kan kúnlẹ̀. Èmi ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀ lórí àpáta, mo tẹrí ba, Ẹ̀san sì gbéra. Ó wá títí ó fi kù díẹ̀ kó kàn mí, ó wò mí, ó dúró, ó yà fún mi.

Mùíz pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ dìde, Tíṣà, ó ti mọ̀ yín ní ènìyàn." N kò dìde. Màámi ń wò mí láti abẹ́ igi máńgòrò, n kò sì tíì mọ ohun tí n ó ní kí wọ́n dà sí mi.